Ìyá Tó Lóṣòó sí Géètì Àwọn Ológun

Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá bá ìyá ìyá mi, tó sì fi "Màmá, wọ́n ní" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Màmá á gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró.

"Ta ni wọ́n?"

Ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. "Àwọn ará ọjà ni o, Màmá."

"Èwo nínú àwọn ará ọjà? Ṣé ó fojú ara rẹ̀ rí i ni, àbí ẹnì kan ló sọ fún òun náà?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ á ṣe máa lọ títí á fi dórí ẹnì kan tó lórúkọ, tàbí kó kú síbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú máa ń tì mí nítorí ìwà yìí, pàápàá tó bá jẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ni Màmá ń bi bẹ́ẹ̀. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe ni. "'Wọ́n' kì í ṣe orúkọ èèyàn," bẹ́ẹ̀ ni Màmá máa ń wí. "Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀."

Ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n, èmi ò sì lè pè wọ́n ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Comfort Àdùnní lorúkọ ẹni tí mo ń wí.

Iléṣà ni wọ́n bí wọn sí, sínú ilé onígbàgbọ́, ìjọ Áńgílíkà. Òṣogbo ni wọ́n ti lo ìyókù ayé wọn, nítorí ibẹ̀ ni bàbá mi àgbà ti ń ṣe tíṣà. Màmá ni olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ ò ju yàrá méjì lọ lẹ́bàá ọ̀nà Ọjà Ọba. Àwọn télọ̀, àwọn aláró, àwọn tíṣà àti àwọn àfáà ló ń rà á, ẹni tí kò bá sì mọ̀wé kà á wá ẹni tó máa kà á sí i létí. Bí inú bá dùn sí wọn, Yorùbá ìwé ìròyìn yẹn ni Màmá ń sọ. Bí inú bá bí wọn, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni, àwa ọmọ Òṣogbo ò sì ní gbọ́ tó ìdajì rẹ̀. A kàn á mọ̀ pé ẹnì kan ti wọ gàù.

Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, wọ́n máa ń rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà Igbó Ọ̀ṣun. Wọn ò lọ bọ nǹkan kan níbẹ̀. Òjìji igi ni wọ́n fẹ́ràn, àti àwọn ọ̀bọ tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tí wọ́n máa ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn ìyá ìjọ kan ń kùn sí i, àlùfáà ìjọ sì wá fi ọgbọ́n bi wọ́n léèrè. Màmá ní, "Ọ̀bọ ni mo lọ wò, sà. Ní gbogbo Òṣogbo, àwọn nìkan ni mo mọ̀ tó ń jalè ní gbangba tí wọn kì í ní kí ọlọ́pàá mú ẹni tó rí wọn."

Lẹ́yìn tí àwọn ológun lọ tán tí àwọn olóṣèlú dé, ọkùnrin kan tó ń du ipò fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún Kérésì. Àwòrán ojú rẹ̀ wà lára àpò náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá fọwọ́ pa àpò náà lára, wọ́n ní ìrẹsì yìí dára o. Dírẹ́bà tó gbé e wá ti fẹ́ máa lọ.

"Ọmọ mi, dúró ná." Wọ́n ní kí n lọ gbé iṣu wá ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n so iṣu náà mọ́ àpò ìrẹsì. "Bá mi kí ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o fi ìrẹsì àti iṣu yìí kí i kú ọdún."

Dírẹ́bà wo iṣu, ó wo ìrẹsì. "Màmá, àwọn náà kúkú ló ni ìrẹsì yìí."

"Mo mọ̀. Wọ́n ti fún mi, ó ti di tèmi. Èmi náà ló wá fún wọn."

Inú ìyá mi ò dùn rárá, torí kò sí ìrẹsì nílé wa lọ́jọ́ náà. Ó ń kùn nídìí ààrò. Màmá ní, "Tóyìn, ẹnu tó bá jẹ dòdò ò lè sọ òdodo. Bẹ́ẹ̀ dòdò náà dùn, mi ò sọ pé kò dùn."

Kí ẹ má baà rò pé àwọn ará ìta nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò wọn ọkùnrin, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Iléṣà. Àwọn ológun fi Bàbá Iléṣà sípò nínú káńsù kan. Káńsù ní katakata kan tí wọ́n fi ń la ọ̀nà oko fún àwọn àgbẹ̀. Ọ̀nà oko ò là o, ṣùgbọ́n katakata wà lórí ilẹ̀ Bàbá Iléṣà, ó ń tẹ́ ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí. Ẹnì kan ta Màmá lólobó. Wọ́n wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, wọ́n fojú ara wọn rí katakata náà, wọ́n wá yà sílé àbúrò wọn, wọ́n jẹ iyán. Nígbà tí wọ́n wẹwọ́ tán, wọ́n ní àwọn máa kọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá kan náà ló bí wa o."

"Òun náà ni mo ṣe wá sọ fún ọ. Ká ní ẹlòmíì ni, inú ìwé ìròyìn ni ì bá ti kà á."

Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́. Bàbá Iléṣà ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹbí bẹ̀, ìjọ bẹ̀, kò gbà. Màmá ò bínú padà. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ń lọ sílé, wọ́n á fi nǹkan ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì gbà á láìdáhùn. Ìgbà tí àìsàn dá Bàbá Iléṣà dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ni wọ́n tó pàdé. Mo tẹ̀ lé Màmá lọ lọ́jọ́ náà. Bàbá Iléṣà wò wọ́n títí, ó sì yíjú sí nọ́ọ̀sì tó ń fún un lóògùn. "Ẹ̀gbọ́n mi rèé," ó ní. "Ohunkóhun tí wọ́n bá bi ọ́ nípa àìsàn mi, má purọ́ fún wọn o. Wọ́n á mọ̀." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ìjà sì tán síbẹ̀.

Mo wá fẹ́ sọ èyí tí gbogbo èèyàn mọ Màmá mọ́.

Bàbá tó bí Màmá, òṣómàáló ni. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ ni. Wọ́n á kiri aṣọ dé ìlú tó jìn, wọ́n á tà á láwìn. Bí àkókò bá tó tí oníbàárà ò san án, wọn kì í jà, wọn kì í bú èèyàn. Wọ́n á kàn lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní bí àwọn ṣe máa wà nìyẹn títí àwọn á fi gba ohun tó jẹ́ tàwọn. Inú Màmá máa ń dùn bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Wọ́n ní bàbá àwọn ò já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà ìjọba ológun, àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Òṣogbo a máa ká a sínú aṣọ kí wọ́n tó tà á. Àwọn oníròyìn kan wà lẹ́wọ̀n, àwọn kan ti sá kúrò nílùú. Lásìkò yẹn ni rédíò kéde pé májọ̀ kan, tí wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ omi, ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn abúlé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Màmá dárúkọ rẹ̀ gàdàgbà nínú ìwé ìròyìn. Èmi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ rẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Oníròyìn kan wà lọ́dọ̀ Màmá, Tìjání, ọmọ agboolé mùsùlùmí kan ní Òṣogbo. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, kò tíì pẹ́ tó gbé ìyàwó. Màmá ní kó lọ wo àwọn kànga náà wá. Ó lọ sí abúlé kan lọ́nà Ìtagunmódì, níbi tí àwọn awawúrà ti da odò rú, tí omi rẹ̀ pọ́n bí epo. Ó bá ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń fọwọ́ fà láàárín abúlé, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, rìbọ́nù tí wọ́n gé lọ́jọ́ ìṣílé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tìjání fà á títí ó fi làágùn. Ẹ̀kán omi kan ò jáde. Bàbá àgbẹ̀ kan tó jókòó lábẹ́ igi ọsàn ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, yàgò kí n fi hàn ọ́."

Bàbá náà di ẹ̀rọ náà lọ́rùn mú, ó mì í, ó sì fà á tu kúrò nílẹ̀ bí ẹni fa ẹ̀gẹ́. Kò sí ihò lábẹ́ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. Tìjání ya fọ́tò bàbá náà bó ṣe gbé ẹ̀rọ omi ìjọba lé èjìká. Fọ́tò yẹn ni Màmá fi sí ojú ìwé kìíní, wọ́n sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: Ẹ̀RỌ OMI RÈÉ, KÀNGA DÀ?

Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí àwọn ṣọ́jà fi dé ọ́fíìsì. Wọ́n gbé Tìjání lọ sínú ọgbà ọ́fíìsì májọ̀ náà, wọ́n fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá pé: "Bí ẹ bá lè jáde lórí rédíò, kí ẹ sọ pé irọ́ lẹ kọ, kí ẹ sì tọrọ àforíjì, a máa tú ọmọ náà sílẹ̀."

Bàbá Tìjání, Àfáà Ràímì, wá bá Màmá nílé. "Ìyá Tóyìn, ẹ bá mi sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, ẹ wò ó."

Bàbá mi àgbà ló sọ fún mi pé Màmá sunkún lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá Sìkírá, ìyàwó Tìjání, gbé oúnjẹ lọ fún un, ṣọ́jà kan sì gbà kí wọ́n rí i lójú fèrèsé. Màmá sọ ohun tí àwọn ológun ń bèèrè.

"Màmá, bí ẹ bá ní irọ́ ni, èmi ni mo pa irọ́ náà," Tìjání dáhùn. "Ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí fún mi, kí n tún wá jẹ́ bàbá òpùrọ́ fún un? Ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí."

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá jẹun tán, wọ́n wé gèlè, wọ́n rìn lọ sí ọ́fíìsì májọ̀ náà, wọ́n sì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ géètì.

Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ Yorùbá ni. "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ jókòó síbí o."

"Mi ò jókòó, ọmọ mi. Mo lóṣòó ni. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti dé."

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ò lè lóṣòó pẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá mi àgbà gbé àpótí ìjókòó wá fún wọn, Màmá sì fìdí lé e. Ṣọ́jà yẹn rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti wá jókòó báyìí."

"Orúnkún mi ló jókòó," Màmá ní. "Ọkàn mi ṣì lóṣòó."

Ọ̀nà ọjà ni ọ̀nà yẹn. Kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í bèèrè pé, "Ìyá oníwèé-ìròyìn, kí lẹ ń ṣe níbí?" Màmá á sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀: abúlé, odò pípọ́n, ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé, bàbá àgbẹ̀, Tìjání. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò fi kún un. Nígbà tí obìnrin kan dá sí i pé, "Wọ́n ní májọ̀ yẹn ti fi owó omi kọ́lé s'Èkó," àwọn tó dúró gbọ́ ọ ní Màmá gbé ọwọ́ sókè níwájú géètì ológun: "Ta ni wọ́n?" Àwọn ológun ti ti ọ́fíìsì Àfẹ̀mọ́júmọ́ pa, ṣùgbọ́n iye èèyàn tó gbọ́ ìròyìn yẹn lẹ́nu Màmá ju iye tó ti ń rà á lọ.

Ojoojúmọ́ ni bàbá mi àgbà ń gbé oúnjẹ àti agbòjò wá. Ọ̀rẹ́ wọn kan bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò mú ìyàwó wọn lọ sílé. Bàbá ní, "Nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra, mo gbìyànjú kí n mú un kúrò níbi tó jókòó sí rí. Kò dìde o. Èmi ni mo lọ jókòó tì í, bẹ́ẹ̀ la ṣe di tọkọtìyàwó."

Níkẹyìn, májọ̀ fúnra rẹ̀ jáde sí wọn. "Màmá, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ yín. Mo wá gbà á ni."

"Ẹ sọ pé irọ́ lẹ kọ, kí ẹ máa mú un lọ."

"Ó dáa. Ọkọ̀ yín wà níbí. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá fa ẹ̀rọ yẹn tí omi jáde, ojú ẹsẹ̀ ni màá sọ ọ́, màá sì dọ̀bálẹ̀ fún yín bí ọkùnrin."

Ọkùnrin náà yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àfáà Ràímì ń bọ̀ lókèèrè, òun àti àwọn tí wọ́n jọ kírun, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Ẹ̀rù ba Màmá pé bóyá ó tún wá bẹ àwọn ni. Bàbá àgbàlagbà náà gbá agbádá rẹ̀ jọ, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ìyá Tóyìn," ó ní, "ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Màmá kúrò lórí àpótí, wọ́n lóṣòó. Àfáà lóṣòó. Àwọn tó kù náà lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú oòrùn. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Kí àkókò ìrun Alásàrí tó tó, géètì ṣí, Tìjání sì jáde, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbẹ. Màmá ò lè dìde mọ́. Òun àti bàbá rẹ̀ ló fà wọ́n sókè. Màmá wò ó látòkè délẹ̀.

"Ṣé wọ́n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀?"

"Wọ́n bi mí gan-an, mà."

"Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó gbàgbé."

Bí ẹnikẹ́ni bá yin Màmá nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ní kó rọra. Wọ́n ní àwọn ò mọ ìdí tí àwọn ológun fi tú Tìjání sílẹ̀, bóyá wọ́n ti fẹ́ tú u sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn. Ọ́fíìsì wà ní títì títí àwọn ológun fi lọ, Màmá sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì nílé. Ẹnikẹ́ni ò pe májọ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú míì, ó sì fẹ̀yìn tì tiyìtẹ̀yẹ. Èyí máa ń bí mi nínú. Màmá ní, "Èmi ò torí ẹ̀wọ̀n bá a fa nǹkan kan. Tìjání ni mo fẹ́ gbà, àti omi."

Omi náà ò tètè dé. Nígbà tí Àfẹ̀mọ́júmọ́ tún bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni Màmá ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní: Kànga dà? Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú ìjọba alágbádá, wọ́n sì gbẹ́ kànga gidi fún abúlé náà. Àwọn ará abúlé pe Màmá, gbogbo wa la bá wọn lọ. Wọ́n bu omi àkọ́kọ́ sínú ife, wọ́n gbé e fún wọn. Màmá ò mu ún. Wọ́n ń wá ẹnì kan kiri láàárín èrò.

"Bàbá dà? Ẹ ní kí wọ́n wá fà á wò."

Bàbá àgbẹ̀ yẹn ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ náà lọ́rùn, ó fà á, ó mì í, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó jù ú sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ìyá, ẹ mu omi yín," ó ní. "Eléyìí ní gbòǹgbò."

Oṣù tó kọjá ni Màmá lọ, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, lórí àga wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ojú wọn ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé. Ìyá mi wọlé gbé àwo, ó padà dé, ó bá wọn bí ẹni sùn. Iléṣà la gbé wọn lọ sin, bí wọ́n ṣe fẹ́.

Nínú ìsìn, aṣojú ìjọba kan dìde láti sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá dáadáa ni Màmá, onísùúrù ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà láyé rẹ̀. Mo rí i tí ìyá mi gbójú sókè. Níbi ìjókòó ẹ̀yìn nínú ilé ìjọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan dìde, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti di ìyá ọmọ dì í láṣọ mú pé kó jókòó. Kò jókòó.

"Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi, sà," Tìjání ní. "Ìyá yìí jà. Wọ́n jà dáadáa. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì gba gbogbo ilé ìjọ kan títí dórí àwọn akọrin. Àlùfáà gbìyànjú láti dá wa dúró, kò ṣeé ṣe. Inú ẹ̀rín yẹn la ti gbé wọn jáde.